Òkun Kì Í Hó Ruru Ká Wà Á Ruru

Bí ìpàdé àdúgbò bá gbóná, tí àwọn ọ̀dọ́ dìde tí wọ́n ń béèrè ibi tí owó tí wọ́n dá wọlé sí, àgbà kan kì í ṣàì tún agbádá rẹ̀ ṣe léjìká kó sì wí pé: "Ẹ rọra o. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru." Àwọn ọ̀dọ́ á jókòó. Owó náà á sì wọmi. Mo ti rí i tó pọ̀, ó sì ń dùn mí, torí òwe tí àwọn baba wa fi gba ẹ̀mí là ni a sọ di ohun tí a fi ń pa ọmọlọ́mọ lẹ́nu mọ́.

Ẹ tẹ́tí sí òwe náà dáadáa. Kò ní ká má wà á. Kò sì bẹ òkun pé kó má hó. Òkun á máa hó, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ tó di àjẹ̀ mú ni òwe ń bá wí: omi ń hó ruru, ìwọ má fi ruru kún ruru. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á ní láti jẹ́ ẹni tó ń wọ ọkọ̀. Ẹni tí kò ní í kúrò létí omi, kí ló kàn án nípa bí a ṣe ń wà á?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Òkúdù, a ti jókòó sínú ọkọ̀ ní Èbúté Èrò, a ń lọ sí Ìkòròdú. Atukọ̀ wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, di okùn ọkọ̀ mú, kò tú u. Afẹ́fẹ́ ti ń gbé ìborí àwọn obìnrin. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ á máa lọ jàre, òjò ń bọ̀!" Bùrọ̀dá kan dìde, ó nawọ́ sókè, ó ń de ìjì ní orúkọ Jésù. Ẹni tó jókòó tì mí ń ka Áyátùl-Kúrísíyù lábẹ́ ètè. Èmi náà wà lára àwọn tó ń pariwo, torí wọ́n ń retí mi nílé òkú. Atukọ̀ nàka sí àárín ọ̀sà, níbi tí ìgbì ti ń fọ́ funfun. "Ẹ wò ó. Tí omi bá ń fi eyín han èèyàn báyẹn, mi ò kì í dá a lóhùn. Ó dìgbà tó bá panu dé." Ó tún okùn náà so lẹ́ẹ̀mejì.

Èèyàn mẹ́rin fi ìbínú sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba owó wọn padà. Ó kà á fún wọn láì bá wọn jà. Ó tó wákàtí kan ààbọ̀ kí eyín funfun yẹn tó wọlẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó tan ẹ́ńjìnnì, a sì lọ wẹ́rẹ́.

Mi ò fojú kéré àdúrà bùrọ̀dá yẹn. Èmi náà gbàdúrà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 27. Pọ́ọ̀lù, ẹni Ọlọ́run inú ọkọ̀ náà, òun gan-an ló ní kí wọ́n má ṣí. Balógun ọ̀rún gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá atukọ̀ àti ti ẹni tó ni ọkọ̀ gbọ́ ju tirẹ̀ lọ. Ìjì dé, ọkọ̀ fọ́, ẹrù bómi lọ. Àwọn 276 tó wà nínú rẹ̀ gúnlẹ̀ láàyè, àánú sì ni. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí wọn kò gbọ́ náà, àánú ni. Àwọn Mùsùlùmí mọ̀ ọ́n dáadáa: Ànábì ní kí ọkùnrin náà so ràkúnmí rẹ̀ kó tó gbára lé Ọlọ́run. Okùn ni, bíi ti atukọ̀ wa.

Ẹni tí mo máa ń rántí jù tí mo bá gbọ́ òwe yìí ni Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn náà sílẹ̀ nígbà tó dàgbà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etí ọ̀sà. Ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ ni, kò rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìkòsì kí wọ́n tó mú un dé Èkó, ẹ̀rù mú un débi pé kò lè yí ara padà níbi tó wà. Ní oṣù kẹrin 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ni ọkọ̀ ogun Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ká wọn mọ́ ojú òkun, tí wọ́n sì gbé òun àti àwọn ọmọdékùnrin díẹ̀ sínú ọkọ̀ tiwọn.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti wá bà wọ́n jù. Ẹran funfun kan rọ̀ sókè, àwọn ohun dúdú ribiti sì tò sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Nílé wọn, iná ni wọ́n fi ń jó irun ẹlẹ́dẹ̀, awọ rẹ̀ kì í funfun bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ti pa jẹ ló rọ̀ yẹn, orí wọn ló sì tò sílẹ̀ yìí. Ta ni kò ní í bẹ́ sómi? Wọn kò bẹ́. Wọ́n sún mọ́ ẹran náà, wọ́n sì rí pátákò tó là sí méjì: ẹlẹ́dẹ̀ ni. Wọ́n rọra sún mọ́ àwọn ohun ribiti náà: irin ni, ọta àgbá ni.

Mo fẹ́ kí gbogbo wa máa rántí pátákò yẹn nígbà tí ohùn kan bá wọ fóònù wa lórí WhatsApp, pé ẹ̀yà báyìí ti ń pa ẹ̀yà báyìí, ẹ ta á látagbà kíá. Àwọn ọmọ tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú ní àkókò láti wo ẹsẹ̀ ẹran. Àwa tí a jókòó sínú yàrá kò ní.

Ọmọ tí omi dẹ́rù bà yẹn kò sá fún omi títí ayé. Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ló ti di Samuel Crowther, ó sì wà lára àwọn tó gòkè odò Ọya ní 1841. Ìrìn náà korò: nínú àwọn Òyìnbó bí 145 tó lọ, ibà pa nǹkan bí 40. Ọ̀pọ̀ ní ká fi odò náà sílẹ̀ fún ikú tó ni ín. Ní 1854 Crowther tún wọ odò kan náà, pẹ̀lú dókítà Baikie nínú ọkọ̀ Pleiad. Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò dúró dìgbà tí ibà bá dé. Wọ́n ń lo kuníìnì ṣáájú rẹ̀. Wọ́n lò tó oṣù mẹ́rin lórí odò, ibà kò pa ẹnì kankan. Ọdún 13 ló wà láàárín méjèèjì. Odò kò yí padà, ọwọ́ tó di àjẹ̀ mú ló yí padà. Ní 1864 ni wọ́n fi ọkùnrin yìí jẹ bíṣọ́ọ̀bù.

Ẹnu òkun Èkó náà ní ìtàn tirẹ̀. Òkìtì yanrìn tó wà níbi tí ọ̀sà ti pàdé òkun kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ìta ni wọ́n ń dúró sí, ọkọ̀ kékeré ló ń já èrò, ó sì ń gbẹ̀mí. Ní 1908 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta mọ ògiri wọnú òkun, ọkọ̀ ojú irin ń kó òkúta wá láti Abẹ́òkúta. Nígbà tó di 1914, ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n yanrìn tí omi ń kó láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn kò rí ọ̀nà kọjá mọ́: etíkun apá kan ń wú, Bar Beach ní apá kejì sì ń jẹ lọ nígbà náà. Mi ò bá àwọn tó mọ ògiri wí tó bí mo ṣe bá àwa tó dé lẹ́yìn wọn wí. Ọ̀pọ̀ ọdún la ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí òkun bá hó, a ó kó yanrìn dà á lẹ́nu. Á gbé e lọ. A ó tún kó òmíràn. Ní oṣù kẹjọ 2012, ó gbé èèyàn lọ ní Kúrámọ̀.

Nítorí náà, bàbá tó wọ agbádá, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá tún pa òwe yìí nípàdé, ẹ pa á dé òpin. Ẹ ní kí akápò mú ìwé owó wá, kí wọ́n kọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ béèrè sílẹ̀, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí ìdáhùn máa jáde. Wíwà nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ má fọ́ àga. Ẹ wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá, kí ẹ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láìpẹ́ yìí mo tún wọ ọkọ̀ ní èbúté kan náà. Atukọ̀ ọ̀dọ́ kan ló gbé wa. Gbogbo wa ti de ẹ̀wù amúniléfòó, ó kù ìyá ọlọ́mọ kan. Tirẹ̀ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó gbé dání kò ní. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tóbi jù fún un. Ọmọkùnrin náà pa ẹ́ńjìnnì, ó bẹ́ sórí èbúté, ó ń lọ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, ó ń béèrè ti ọmọdé. Ó pẹ́ díẹ̀. Mo wo ojú àwọn èrò. Kò sẹ́ni tó pariwo.