“Fi sí 1,200, ó ti parí”: kò tíì parí o

Bí ẹ bá dúró lẹ́nu ìsọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ohùn ṣe ní Táíwò, nílùú Ìlọrin, tàbí tí ẹ bá àwọn tó ń fi sípíkà ṣe ìyálò fún wólímà ní Pàkátà sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi ara wọn lórí crossover, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń pín ohùn láàárín bass (sípíkà ohùn ìsàlẹ̀) àti họ́ọ̀nù (sípíkà ohùn òkè): “Èló lẹ fi sí?” Ẹnì kan á ní 1,200. Òmíràn á ní 1,500 ló dáa jù. Ẹnì kẹta á rẹ́rìn-ín, á ní ọ̀gá òun kì í kúrò lórí 1,800 láyé. Wọ́n lè jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí nọ́ńbà tó yẹ, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí: bí nọ́ńbà bá ti bọ́ sí i, tí ẹ fi kan náà sí ti bass àti ti họ́ọ̀nù, iṣẹ́ ti parí. Láti ìgbà tí àwọn bọ́ọ̀dù DSP kékeré, tó ń fi ìṣirò kọ̀ǹpútà pín ohùn, ti dé, ìgbàgbọ́ yìí tún le sí i. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń tẹ nọ́ńbà ọ̀hún báyìí, a sì mọ ara wa, ohun tí kọ̀ǹpútà bá ti gbà, a kì í bá a jiyàn.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà yẹn wà lára iṣẹ́, àmọ́ òun ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀, òun nìkan kò sì lè sọ bí ohùn ṣe máa rí.

Lákọ̀ọ́kọ́, 1,200 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) tí ẹ kọ kì í ṣe ògiri. Kì í ṣe pé ohùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á gba ilé bass lọ, tí tòkè á gba ilé họ́ọ̀nù, tí ẹnì kan ò ní ya ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń lọ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ti lọ sílẹ̀ tó níbẹ̀ wà lọ́wọ́ irú asẹ́ (filter) tí ẹ yàn. Asẹ́ Butterworth ti fi 3 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó) lọ sílẹ̀ ní 1,200 yẹn. Linkwitz-Riley ti fi 6 dB lọ sílẹ̀. Siegfried Linkwitz àti Russ Riley, ẹnjiníà méjì ní Hewlett-Packard, ni orúkọ wọn wà lára èyí kejì yìí, ọdún 1976 sì ni Linkwitz kọ ọ́ jáde. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé 6 dB jẹ́ ìdajì vóltéèjì: ìdajì láti ara bass, ìdajì láti ara họ́ọ̀nù, ẹ rò wọ́n pọ̀, ó pé ọ̀kan. Ẹ wá fi Butterworth 24 dB (24 yẹn ni bó ṣe ń yára gé ohùn tó) sí i dípò rẹ̀, ní 1,200 kan náà, ohùn á wú ní 3 dB níbi ìpàdé. Ẹ fi Linkwitz-Riley 12 dB sí i, bass àti họ́ọ̀nù á dojú ìjà kọ ara wọn níbẹ̀, àfi tí ẹ bá yí wáyà ọ̀kan padà. Nọ́ńbà ò yí padà o. 1,200 nígbà gbogbo, ohùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Orí ìwé la ṣì wà yẹn. A ò tíì dé ọ̀dọ̀ sípíkà, sípíkà sì ní asẹ́ tirẹ̀ tó bá wáyé. Bass oní-ínǹṣì 15 fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 38, bẹ́ẹ̀ ìgbì ohùn 1,200 Hz kan kò ju sẹ̀ǹtímítà 29 lọ. Bí ìgbì bá ti kúrú ju ojú sípíkà lọ báyìí, ohùn á há, á máa lọ tààrà síwájú, ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ á sì máa gbọ́ ọ bí ohùn abẹ́ aṣọ. Họ́ọ̀nù náà ní ibi tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ kọjá. Asẹ́ inú bọ́ọ̀dù àti asẹ́ àbínibí sípíkà ló jọ ń ṣiṣẹ́ dé etí wa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, kí ẹ tó rí ìpàdé ní 1,200 gidi nínú afẹ́fẹ́, ó lè gba pé kí ẹ kọ 1,000 sí ti bass, kí ẹ sì kọ 1,300 sí ti họ́ọ̀nù. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìsọ̀ tí mo wí yẹn, wọ́n á ní ẹ ti fi àlàfo sáàárín. Kò sí àlàfo kankan níbẹ̀.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ jíjìn, torí pé ojú lásán lè rí i, síbẹ̀ ẹnì kan kì í wò ó. Ẹ tú irin iwájú àpótí oní-bass-àti-họ́ọ̀nù kan. Orí bass wà nítòsí ẹnu àpótí. Ṣùgbọ́n ẹ ti ọwọ́ bọ inú họ́ọ̀nù, ẹ máa rí i pé ẹ̀rọ tó ń ké gan-an wà lẹ́yìn ọ̀fun rẹ̀, nínú lọ́hùn-ún. Ká sọ pé sẹ̀ǹtímítà 10 ló fi wà lẹ́yìn. Ohùn ń sáré nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ní 20°C (lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn tiwa níbí, ní 30°C, ó tó 349, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú). Sẹ̀ǹtímítà 10 á gbà á ní nǹkan bíi 0.29 ms (ms ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá), bẹ́ẹ̀ 0.83 ms péré ni ìgbì 1,200 Hz kan fi ń yípo. Họ́ọ̀nù ti pẹ́ sẹ́yìn bass ní ohun tó ju ìdá mẹ́ta ìgbì kan lọ. Ńṣe ló dà bí ẹni méjì tó ń ti ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ kú, àmọ́ ọ̀kan ti ń fà á padà kí èkejì tó tì í tán. Ẹ ṣírò rẹ̀: nǹkan bíi 7 dB ló sọnù níbi ìpàdé, pẹ̀lú Linkwitz-Riley tí kò ní àbùkù kankan, àti 1,200 tí gbogbo ayé fọwọ́ sí.

Inú agbègbè tí ọ̀rọ̀ ti ń yé èèyàn gan-an ni ihò yẹn, ìyẹn ibi tí ohùn ti sọnù, bọ́ sí. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè wa kò sí níbẹ̀, ìsàlẹ̀ dáadáa ni tiwọn wà. Ẹ máa gbọ́ bí àlùfáà ṣe ń gbé ohùn sókè sódò, ẹ máa mọ̀ pé wàásù ń lọ, àmọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn á máa bi ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Kí ni wọ́n ní?” Ẹni tó wà nídìí mixer á wá fi kún òkè. Họ́ọ̀nù á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ihò á sì wà níbi tó wà, torí bí ẹ ṣe ń gbé 1,200 sókè lórí mixer, bass àti họ́ọ̀nù lẹ jọ gbé, ìjà tí wọ́n ń bá ara wọn jà náà sì ga sí i. Ó tún kù. Orí igi lókè ni sípíkà wà, orí ẹní nílẹ̀ sì ni èrò wólímà wà. Họ́ọ̀nù wà lókè bass, nítorí náà jíjìn tó wà láàárín wọn ń yí padà bí etí bá ṣe ń lọ sókè sódò. Ẹni tó dúró nídìí mixer lè máa gbádùn, kí ihò gan-an sì kọjú sí àwọn ìyá tó jókòó sílẹ̀. Ìdí rèé tí “mo gbọ́ ọ, ó dáa” kì í fi í tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọ̀rẹ́ mi kan gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ wá láti Ọ̀ffà. Ó ti tẹ 1,200 síbi méjèèjì, Linkwitz-Riley 24 dB, kò sí nǹkan tí mo lè bá wí nínú rẹ̀. Mo ní kó dín họ́ọ̀nù kù títí òun àti bass á fi dọ́gba, torí pé họ́ọ̀nù sábà máa ń ké ju bass lọ lórí wáàtì kan náà. A gbé máìkì sí iwájú ní ìta gbangba, nítorí ògiri máa ń dá ohùn padà, ó sì máa ń purọ́. A tan ohùn 1,200 Hz kan ṣoṣo. Mo ní kó yí họ́ọ̀nù padà nínú bọ́ọ̀dù, kó fi pọ́sítíìfù ṣe négétíìfù. Tí àwọn méjèèjì bá jọ ń rìn, ńṣe ló yẹ kí ohùn náà kú. Kò kú, ó ròkè sí i.

Ó yára dìde. “Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí i! Wáyà ni wọ́n fi òdì sí láti ilé iṣẹ́!”

Wáyà ò ṣe nǹkan kan. Mo ní kó dá a padà sí bó ṣe wà, kó wá dá bass dúró díẹ̀, ìyẹn kó mú kó pẹ́ díẹ̀ kó tó dún, torí òun ló ń ṣáájú dé. Ó ń fi sample (ìgbà kọ̀ọ̀kan tí bọ́ọ̀dù ń ka ohùn) kan kan kún un, ó ń yí họ́ọ̀nù padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti fi dán an wò. Nígbà tó sún mọ́ 14, bó ṣe yí i padà báyìí, ohùn náà lọ. Àwọn ọmọ ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa rò pé wọ́n ti mú iná. Ó dá a padà, ohùn dé, ó kún, ó dúró. Kò fọwọ́ kan 1,200 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀dù díjítà, kì í ṣe nítorí pé ó mọ ohùn gé. Kọ́ìlì àti kápásítọ̀ inú àpótí mọ ohùn gé tipẹ́. Dídá ohùn dúró ni wọn ò lè ṣe láìsí wàhálà. ADAU1701, chip DSP ti Analog Devices, tí ọ̀pọ̀ àwa tó ń fọwọ́ ara wa ṣe bọ́ọ̀dù nílé ń lò, ní àwọlé 2 àti àbájáde 4. Crystal 12.288 MHz ló ń fi ka ohùn nígbà 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà sample kan jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 7 nínú afẹ́fẹ́. Ibi tí 14 ti wá nìyẹn: sample 14 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Tépù ìwọ̀n lè júwe ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ asẹ́ náà ń dá ohùn dúró níwọ̀nba, ìyẹn ni máìkì fi gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. SigmaStudio tí wọ́n fi ń ṣètò rẹ̀ kò gba owó, orí Windows ló ti ń ṣiṣẹ́. Rẹ́sístọ̀ 18 kΩ ni kí ẹ fi sẹ́nu àwọlé tí mixer yín bá ń gbé 2 V wá. Àbájáde rẹ̀ kò kọjá 0.9 V, nítorí náà amp tó ń fẹ́ 1.4 V kò ní lo gbogbo agbára rẹ̀. Kí ẹ tó bú amp, ẹ rántí.

Ohun kan tún wà tí wọ́n ń dá nọ́ńbà lẹ́bi rẹ̀. Ẹ ti ṣètò tán, ó dún dáadáa, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbà á, bọ́ọ̀dù sì dákẹ́ pátápátá. Orí chip lásán lẹ kọ ọ́ sí, ẹ ò kọ ọ́ sínú EEPROM, ibi ìrántí tí kì í gbàgbé bí iná bá lọ. Ẹ wo ẹsẹ̀ WP rẹ̀ (tó ń dènà kíkọ̀wé), kó má tì í pa nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé sí i, kí ẹ sì rí i pé iná wà lórí ẹsẹ̀ SELFBOOT, tó ń jẹ́ kí chip ka ètò rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí iná bá dé.

Òótọ́ kan wà nínú ìgbàgbọ́ yẹn ṣá, mi ò ní jí i pa. Nọ́ńbà lè pa họ́ọ̀nù. Bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ dé ìdajì, tí ẹ sì ní kó ṣì ké bó ṣe ń ké, awọ inú rẹ̀ ní láti rìn ní ìlọ́po mẹ́rin. Ibi tó kéré jù tí ilé iṣẹ́ kọ sára rẹ̀, ẹ má kọjá rẹ̀. Lórí wáyà họ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, láàárín amp àti òun, ẹ fi kápásítọ̀ 47 µF tí kò ní pọ́sítíìfù àti négétíìfù sí i. Fún họ́ọ̀nù 8 Ω, nǹkan bíi 420 Hz ló ti ń gé, ó jìnnà sí 1,200 dáadáa, àmọ́ lọ́jọ́ tí amp bá da iná DC (irú iná bátìrì) jáde, òun ni kò ní jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ họ́ọ̀nù.

Bí èyí bá ti yé yín, ẹ ti mọ ìdí tí mi ò fi í fi fáìlì ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ní “ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi settings yín ránṣẹ́.” Ti àpótí yẹn ni. Kódà àpótí yẹn gan-an, ẹ gbé sub (sípíkà ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá) kúrò lábẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e sí mítà 2 síwájú, ó ti di nǹkan mìíràn. Ìgbì 90 Hz gùn tó nǹkan bíi mítà 3.8, mítà 2 sì ti lé ní ìdajì rẹ̀. Sub á máa bá sípíkà òkè jà, onísound á sì tún lọ yá sub kejì wá. Nǹkan bíi sample 280 ló máa gbà láti dá sub yẹn dúró, ADAU1701 sì lè gbà á láìlàágùn. Ṣùgbọ́n ẹ dúró kí wọ́n tẹ́ ẹní tán kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí ẹnì kan máa wá sọ pé kí ẹ sún sub kúrò lọ́nà.