Góòlù tí ò tó owó epo mọ́tò

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn ará ìpàdé àdúgbò wa ní Mushin o. Mo kàn ń ròyìn fún wọn bí bọ̀dá mi tí wọ́n ń gbé ní California ṣe mú mi tẹ̀lé ẹgbẹ́ wọn lọ sódò nígbà sọ́mà, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé kí wọ́n máa wá góòlù fún fàájì lásán ni wọ́n fi dá a sílẹ̀, mi ò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí alága wa fi ní "èló lẹ rí tà níbẹ̀?"

A ò ta nǹkan kan. Gbogbo ohun tí mo rí látàárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀ ò ju ẹyọ mẹ́rin lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò tó orí abẹ́rẹ́. Owó epo tí bọ̀dá jó lọ jó bọ̀ jù ú lọ.

Coloma ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ibẹ̀ ni James Marshall ti rí góòlù ní Jánúárì 1848 tí ayé fi ya lọ bá wọn. Àwọn bàbá tó ti rìtáyà, àwọn ọmọdé, kúlà oúnjẹ, gbogbo wọn ló ki ẹsẹ̀ bọ omi tó tutù nini nínú ooru. Wọ́n gbé abọ́ ike pẹrẹsẹ kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n bu iyanrìn lẹ́yìn àpáta ńlá, torí ibẹ̀ ni omi ti ń rọra tó sì ń já ẹrù tó wúwo sílẹ̀. Góòlù wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19, iyanrìn lásán ò tó ìlọ́po 3, torí náà tó o bá ń mi abọ́ yẹn, góòlù á rì sísàlẹ̀, iyanrìn á máa bá omi lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi ku iyanrìn dúdú kan báyìí, ibẹ̀ lo ti máa ranjú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo da tèmi nù. Ìgbà kẹta ló sọ sí mi lọ́kàn pé háà, ṣebí bí màmá mi ṣe ń yọ òkúta kúrò nínú ìrẹsì ọ̀fadà nìyí! Àmọ́ ti màmá mi, ohun tó bá ṣẹ́kù sísàlẹ̀ ni wọ́n ń dà nù.

Èrò tèmi ni pé àwa ará Èkó ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan tí ò mówó wá mọ́. Tí ọ́lídè bá dé, sọ́mà lẹ́sìn, tí lẹ́sìn bá parí, fóònù. Mo ní ká kó àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay ní August, kí wọ́n lọ fọ iyanrìn nínú abọ́, àwọn ará ìpàdé ní kí ni àwọn ọmọ fẹ́ rí níbẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ká kúkú lọ Iléṣà. Góòlù wà ní Iléṣà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ìwakùsà 2007 ti sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, ẹ sì rántí Zamfara ní 2010, inú agbo ilé ni wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù, òjé inú ẹ̀ pa ọmọdé tó lé ní 400. Ìyẹn kì í ṣe fàájì.

Ìgò kékeré tí mo kó ẹyọ góòlù mẹ́rin yẹn sí wà lórí tẹlifíṣàn wa. Màmá mi gbé e sókè síná, wọ́n mì ín, wọ́n ní "gbogbo ẹ̀ náà nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kó wá mú àwọn dání ní sọ́mà tó ń bọ̀, àwọn á fi bí wọ́n ṣe ń mi abọ́ han àwọn òyìnbó yẹn.