Omi Mélòó Lẹ Fà?

Ní Abẹ́òkúta báyìí, tẹ́ ẹ bá lọ kí aláìsàn, ẹ má wulẹ̀ bèèrè pé kí ló ń ṣe é. "Omi mélòó ni wọ́n fà fún yín?" lẹ máa bi í. Tó bá ní ẹyọ kan, ẹ bá a kẹ́dùn, owó ni ò tíì tó. Ẹni tó bá fa mẹ́ta, tí ọ̀kan níbẹ̀ wá jẹ́ yẹ́lò, ìyẹn ti di èèyàn ńlá, kílẹ̀ tó ṣú a ti máa rọ́wọ́ ẹ̀ lórí státọ́ọ̀sì, pílásítà funfun, rọ́bà dírípù ń wọ́ lọ, wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká ráìsàn", èékánná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe náà sì hàn kedere o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ń ta àdìrẹ n'Ítòkú. Tí wọ́n bá ti jó ní Sátidé, tó bá di Mọ́ńdè wọ́n á pe nọ́ọ̀sì àdúgbò: "Nọ́ọ̀sì mi, ẹ wá fà mí lómi, ó rẹ̀ mí." Wọ́n á sọ fọ́tò ìgbéyàwó kalẹ̀ lára ògiri, wọ́n á gbé dírípù kọ́ ìṣó ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti gbìyànjú oorun wò ni?

Kí ló tiẹ̀ wà nínú nǹkan ọ̀hún? Eléyìí tó ní ṣúgà, 5% dextrose, ìdajì lítà, gíráàmù 25 ṣúgà ni, bíi kóró márùn-ún sí mẹ́fà. Èyí tó jẹ́ oníyọ̀, gíráàmù 4.5 iyọ̀ ló wà nínú ìdajì lítà, ìyá ọlọ́fadà ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín nítorí ẹ̀. Yẹ́lò tẹ́ ẹ wá ń fi yangàn yẹn ńkọ́, fítámìn B tí nọ́ọ̀sì fún sínú ẹ̀ ni, tílẹ̀ bá mọ́ ẹ̀ ń tọ̀ ọ́ dànù, ìtọ̀ á pọ́n fòò. Owó yín lẹ tọ̀ yẹn.

Mi ò sọ pé kò wúlò o. Ẹni tó ń bì, tó ń ṣu, tí ò lè gbé nǹkan mì, ẹni tẹ́jẹ̀ dà lára ẹ̀, omi yìí ló ń dá ẹ̀mí ẹ̀ sí. Àmọ́ baba àgbà tẹ́jẹ̀ ń ru, tí ọkàn ò lágbára mọ́, ẹ ní kí wọ́n da lítà méjì lé e kára lè le, omi ò ríbi gbà, ó lọ jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, baba ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn ọmọ wá ń pariwo pé ayé ló ṣe bàbá àwọn. Ayé wo? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ dáwó fún dírípù! Ojú abẹ́rẹ́ náà lè wú, kó kẹ̀, kí kòkòrò àìsàn gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ò kúkú ní dé státọ́ọ̀sì.

Dókítà tó bá wá lóun ò fa omi fẹ́nì kankan ti wọ gàù. Ìlú tí ọsibítù Sacred Heart ti wà ní Láńtòrò láti 1895, síbẹ̀ tí dókítà bá ní ẹ lọ sùn, ẹ mu omi dáadáa, wọ́n á ní ọmọdé ni, ó ń fi àwọn kọ́ṣẹ́. Ó di kẹ́mísì ní Pánṣẹ́kẹ́, níbi tí ibà àti táífọ́ọ̀dù ti jẹ́ ìbejì, ẹ ò lè gba Táíwò kẹ́ ẹ fi Kẹ́hìndé sílẹ̀. Tẹ́ẹ̀sì Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá táífọ́ọ̀dù, tó ti wà láti 1896, lè gbé táífọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ti ṣe rí jáde bíi pé òní ló dé, wọ́n á di oògùn apakòkòrò fún yín, ẹ lò ó lọ́jọ́ méjì, ara yá, ẹ tọ́jú ìyókù de àbúrò yín. Kòkòrò tí ò kú sì ti mọ oògùn náà lójú.

Sọ́ńdè tó kọjá la lọ kí ìyá kan n'Ídìí-Àbà, wọ́n ń fa omi lọ́wọ́, ìkejì rèé. Wọ́n gbé mínírà wá fún àlejò. Ìyá nawọ́ tí dírípù wà gan-an, wọ́n gba ìgò kan, wọ́n gbé e mu tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ní ká bá àwọn ṣí òmíì, òùngbẹ ń gbẹ àwọn.