Ẹkún Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹni tó bá fẹ́ rí àgbàlagbà tó ń ké bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, kí ó dúró de ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ Blizzard bá fẹ́ gbé àtúnṣe ńlá wọ inú World of Warcraft, géèmù ogun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn géèmù náà ní Amẹ́ríkà láti tún inú rẹ̀ ṣe, tí ti Yúróòpù sì máa ń bọ́ sí Ọjọ́rú. Àwọn baba wa tó sọ ọjọ́ lórúkọ kò mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó jọ pé wọ́n ríran: lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń ṣẹ́gun àwọn jagunjagun tó ń jókòó jà ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì fi máa dé Yúróòpù, ọjọ́ ti rú mọ́ wọn lójú pátápátá.

Ẹ má rò pé ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún wọn. Ilé-iṣẹ́ a ti kéde ọjọ́ àti wákàtí ṣáájú, gbogbo ayé a sì gbọ́. Síbẹ̀, àṣà tó gbòde láàárín àwọn onígéèmù ni pé kí ènìyàn gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yóò wà ní títì. Ọkùnrin tí kò gba ààyè lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bímọ yóò gba ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Èyí tí ìsinmi rẹ̀ sì ti tán yóò pe ọ̀gá rẹ̀ láàárọ̀, yóò ní inú ń run òun. Yóò ra ìpápánu jọ bí ẹni tó gbọ́ pé ogun ń bọ̀, yóò sì lọ lúgọ síwájú kọ̀ǹpútà de aago 11 tí wọ́n dá. Aago 11 lù, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ìkéde jáde pé ó di aago 1. Nígbà tí aago 1 pé, ó di aago 3. Ní àkókò yìí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tí àwọn náà wà lóde pé ṣé ó ti ṣí, bí ẹni tí ebi ń pa tó ń bi ẹlòmíràn tí ebi ń pa bóyá ọbẹ̀ ti jinná.

Àwọn amòye a wá yọjú. Ẹni tó tún kọ̀ǹpútà àbúrò rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn yóò ṣàlàyé pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni ohun tí wọ́n ń fi odindi òwúrọ̀ ṣe. Ohun tí kò rò ni pé gbogbo sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó gbé géèmù náà ró, ló gbọ́dọ̀ gba àtúnṣe kan náà, tí kò sì gbọdọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń ṣeré, àti pé bí ènìyàn bá ṣì ń rà tí wọ́n sì ń tà nínú géèmù nígbà tí wọ́n ń yí àkọsílẹ̀ ẹrù oníkálukú padà, idà kan lè di méjì, ó sì lè pòórá. Bí ó bá jẹ́ idà tirẹ̀ ló pòórá, òun náà ni yóò kọ́kọ́ pariwo pé kí ni wọ́n ń kánjú fún. Òmíràn ní kí wọ́n máa ṣe é lóru. Òru ta ni? Nígbà tí aago 3 òru bá lù ní Irvine ní Kalifóníà, níbi tí ilé-iṣẹ́ náà fìdí sọlẹ̀ sí, ará Sydney ti ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti jẹun alẹ́, ó sì fẹ́ ṣeré.

Ọ̀rọ̀ owó ìtanràn tí wọ́n ń béèrè nítorí wákàtí tí ilẹ̀kùn fi wà ní títì ló tún pa mí lẹ́rìn-ín jù. Dọ́là 14.99 ni wọ́n ń san lóṣù ní Amẹ́ríkà. Bí a bá pín in sí wákàtí 720 tó wà nínú ọgbọ̀n ọjọ́, wákàtí kan fi díẹ̀ lé ní sẹ́ǹtì 2, wákàtí 8 sì jẹ́ nǹkan bíi sẹ́ǹtì 17. Nítorí sẹ́ǹtì 17 ni àgbàlagbà ṣe ń kọ ìwé ẹ̀sùn tó gùn ju ti ẹjọ́ ilẹ̀ ìdílé lọ.

Ṣùgbọ́n kí á má purọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù pẹ̀lú mọ eré ṣe. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, Square Enix ti ilẹ̀ Japan ṣí Endwalker, apá tuntun géèmù Final Fantasy XIV, fún àwọn tó ti sanwó sílẹ̀, èrò sì bo sáfà mọ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn tò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àṣìṣe kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2002 sì ń já wọn dànù lórí ìlà. Wọn kò rí sáfà tuntun rà tó, nítorí èròjà inú kọ̀ǹpútà wọ́n káàkiri ayé nígbà náà. Naoki Yoshida, olórí iṣẹ́ géèmù náà, tọrọ àforíjì, ó fi ọjọ́ 7 tí wọn kò ní sanwó fún ta wọ́n lọ́rẹ, ó sì tún fi 14 kún un, ìyẹn ni pé ó fún wọn láàyè ọ̀fẹ́ nínú ilé tí wọn kò rí wọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n dáwọ́ títa géèmù náà dúró fúngbà díẹ̀. Ta ló ti rí ọlọ́jà tó ń bẹ oníbàárà pé kó jọ̀wọ́ má rà? Àwọn kan tó ti ráyè wọlé kò sì jáde mọ́. Wọ́n fi akọni wọn sílẹ̀ lójú géèmù bí ẹni tó fi gèlè lé àga òde ìyàwó kó tó lọ tọ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn tó wà lórí ìlà ní sùúrù.

Ní ti ẹni tó búra pé òun kò ní padà mọ́, ẹ má bá a sunkún. Ọ̀rẹ́ wa tí inú ń run láàárọ̀ bínú ní aago 2, ó pa géèmù náà rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì kéde rẹ̀ fáyé gbọ́. Aago 3 lù, ilẹ̀kùn ṣí. Nígbà tó fi máa di aago 3 kọjá ìṣẹ́jú 4, ó ti ń fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àmì iwájú rẹ̀ sì ń sọ fún un pé ó ku wákàtí 6. Ó tún ti pe ọ̀gá rẹ̀. Ó ní inú rírun náà kò tíì lọ.