Adájọ́ Wo Ló Dá Kúrúnà Fún Un?

Ó ti sú mi o. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n bá ti jáde, ẹnìkan á ti sáré wá sọ pé, "Ẹ̀wọ̀n ni, kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì." Wọ́n sọ ọ́ ní 2024 nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi kún owó oúnjẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lóòjọ́ láti ₦750 sí ₦1,125, bíi pé iyán àti ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n fẹ́ máa gbé fún wọn. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni owó yẹn wà fún o! ₦375 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbé e lọ sí búkà, kẹ́ ẹ wá wí fún mi ohun tẹ́ ẹ rí jẹ.

Àmọ́ ti oúnjẹ kọ́ ló ń bí mi nínú jù. Ti àìsàn ni.

Ọmọ àǹtí mi kan wà ní túúbú báyìí. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ọlọ́pàá ló kó òun àtàwọn ọ̀dọ́ mìíràn lóru, kò rí onídùúró, kóòtù ní kí wọ́n lọ fi í pamọ́ ná. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń sún ẹjọ́ síwájú. Kò tíì sí adájọ́ tó ní ó jẹ̀bi ohunkóhun. Irú wọn ló sì pọ̀ jù nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wa.

Nígbà tí mo lọ wò ó, bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ ló ń fi ẹ̀yìn ha ògiri. Àárín ìka rẹ̀ ti bó. Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì sókè, gbogbo àyíká ìdodo rẹ̀ ti sú wẹ́wẹ́. Kúrúnà.

Àǹtí mi ra oògùn ìpara lọ fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ kí èèyàn níbẹ̀ rí mọ̀ pé kí oògùn tó kọjá géètì, ẹ ó kọ́kọ́ "kí" àwọn wọ́dà dáadáa. Ó fi pa ara, ara tù ú. Kò pẹ́, ó tún padà. Báwo ni kò ṣe ní padà? Orúnkún tẹni yìí ló ń gún tẹni yẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá sùn. Bí gbogbo yàrá kò bá lo oògùn pa pọ̀, kí wọ́n fọ aṣọ, kí wọ́n sá a sóòrùn, eré lásán ni. Ẹni tó sì sùn tì í kò ní ìyá tó ń gbé ìpara bọ̀.

Ohun tí mo ń wí nìyẹn. Ní túúbú, ọwọ́ ẹni tó ń wá kí ọ ni ìlera rẹ wà. Kílíníkì wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ọmọ náà ní ẹni tó ń wúkọ́, párásítámọ́ọ̀lù. Ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ wú, párásítámọ́ọ̀lù.

Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n tí Buhari buwọ́ lù ní 2019 fún àwọn ọ̀gá ibẹ̀ lágbára láti kọ ẹlẹ́wọ̀n tuntun bí àyè bá ti kún. Ta lẹ gbọ́ pé wọ́n dá padà rí? Ní December ọdún yẹn náà ni iná mànàmáná pa èèyàn márùn-ún ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìkòyí, níbi tí wọ́n kọ́ fún 800 èèyàn tí wọ́n kó lé ní 3,000 sí.

Mandela pàápàá, inú ẹ̀wọ̀n ni ikọ́ ife ti mú un ní 1988. Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, torí Mandela ni. Orúkọ rẹ̀ ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi sórí ìlànà ìtọ́jú ẹlẹ́wọ̀n ní 2015, tó ní irú ìtọ́jú tí ará ìta ń rí ni kí ẹlẹ́wọ̀n náà máa rí.

Mo ka ìyẹn fún ọ̀rẹ́ mi kan, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí ìyàwó òun fẹ́ bímọ nílé ìwòsàn ìjọba, àwọn ló ra ìbọ̀wọ́, àwọn ló ra òwú, àwọn ló dá owó epo jẹnẹrétọ̀. Ó ní, "Irú ìyẹn náà lẹ fẹ́ kí wọ́n fún wọn?" Mo ní ìyàwó rẹ̀ ṣáà lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé kẹ́míìsì, ẹni tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ kò lè lọ. Ó dákẹ́. Èmi náà rò pé mo ti borí.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ pé àǹtí mi, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ń fo oògùn tirẹ̀ kí owó ìpara àti owó géètì lè pé. Ta ni kí n wá ní kí ìjọba kọ́kọ́ ra oògùn fún? Ká ní ẹ bi mí tẹ́lẹ̀ ni, ọmọ ni n bá mú. Ní báyìí, mi ò mọ̀ mọ́.