Òdòdó yín kò kú, ma: ẹ dákun, ẹ má hú èkejì

Ẹ kú ojúmọ́, ma. Ẹ kú ìrọ́jú pẹ̀lú. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ọjà wa, ó sì dùn mí. Ẹ ní ẹ ra ìkòkò méjì òdòdó ọgbà tí wọ́n ń pè ní Baptisia, olódòdó búlúù, lọ́wọ́ wa lọ́dún tó kọjá, pé ewé lásán ló ń hù títí òtútù fi dé, kò sí òdòdó kan ṣoṣo. Òtútù dé tán, gbogbo rẹ̀ dúdú bí èédú, ó wó lulẹ̀. Ẹ wá hú ọ̀kan kí ẹ lè gbé e síbi tó sàn jù, gbòǹgbò rẹ̀ já mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fún wa ní ìràwọ̀ kan péré nínú márùn-ún, ẹ ní òkú igi la tà fún yín, àti pé lópin ọ̀sẹ̀ yìí lẹ ó hú èkejì dà nù.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló jẹ́ kí n yára dáhùn. Ẹ dákun, ẹ má hú u.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tó jẹ́ tiwa. Lára bébà tí a lẹ̀ mọ́ ìkòkò, a kọ ọ́ pé òdòdó yìí lágbára, pé òtútù kì í pa á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ọdún méjì àkọ́kọ́, àti pé ó sábà máa ń di ọdún kẹta kí òdòdó tó nítumọ̀ tó yọ. Ẹni tó bá ka bébà wa á máa retí òdòdó lọ́dún tó gbìn ín, bí ẹ ṣe retí rẹ̀. Ẹ forí jì wá.

Dúdú tó dúdú yẹn, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí ìrì dídì bá ti bà lé e, igi àti ewé rẹ̀ á dúdú, wọ́n á gbẹ. Gbogbo ohun tó wà lókè ilẹ̀ ló ń kú lọ́dọọdún. Gbòǹgbò kì í bá wọn kú. Ó ń fara da òtútù tó lọ sílẹ̀ tó ìwọ̀n 30 lábẹ́ òdo (Celsius). Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, tí ilẹ̀ kò bá sì dì, ẹ má mú ọkọ́, ẹ má mú ṣọ́bìrì. Ẹ fi ìka gbọ́n ilẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀ nídìí igi tó gbẹ yẹn, kò ní ju ìwọ̀n oríkèé ìka kan lọ. Ẹ ó rí àwọn ojú kéékèèké tó ki, tí ṣóńṣó orí wọn kọjú sókè. Àwọn ló máa ta èhù nígbà ìrúwé. Bí ẹ bá ti rí wọn, ẹ da ilẹ̀ bò wọ́n padà.

Èmi náà ti fẹ́ ṣí tèmi nípò rí, lọ́dún karùn-ún rẹ̀. Mo gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká títí ihò náà fi gba apá mi dé ìgúnpá. Gbòǹgbò náà dúdú, ó nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ, ó le bí igi. Ibi tó ń lọ, n kò rí i. Mo da ilẹ̀ padà, mo fi í sílẹ̀. Gbòǹgbò yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀dá rí i gbé ṣe bó bá ti dàgbà, òun náà ni kò sì jẹ́ kó fẹ́ ká ṣí òun kiri. Bí a kò bá dà á láàmú, ó lè lo 20 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú kan.

Ẹ tún ní ẹ fún un ní ajílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó lè tètè yọ òdòdó. Ìtọ́jú lẹ rò pé ẹ ń ṣe, ma, ṣùgbọ́n ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ìdílé ẹ̀wà ló ti wá. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò rí ń gbé lára gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n ń bá a mú nitrogen, tó jẹ́ oúnjẹ fún ewéko, látinú afẹ́fẹ́. Àpọ̀jù ajílẹ̀ á kàn mú un ta ewé ṣáá, igi rẹ̀ á rọ̀, á máa ṣubú. Oòrùn ló ń fẹ́, wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ ó kéré tán, àti ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí. Bí òjò bá dá lọ́dún yìí, ẹ bomi rin ín. Ó tán.

Àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún kẹta ni mo jáde tí mo bá ṣóńṣó òdòdó mẹ́rin tó dúró ṣánṣán láàárín ewé tèmi. Ìsàlẹ̀ ló ti ń là lọ sókè, àwọ̀ rẹ̀ bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró. Orúkọ rẹ̀ gan-an, inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí kí á ri nǹkan bọ aró ló ti wá, torí pé ní Amẹ́ríkà tó ti ń hù nínú igbó, wọ́n ti fi ṣe aró rí dípò èlú gidi. Oyin ńlá onírun kan bà lé e, ó wúwo débi pé òun fúnra rẹ̀ ló fi ara ti ẹnu òdòdó náà ṣí. Mo dúró wò ó títí tíì mi fi tutù.

Bó bá so, èèpo èso rẹ̀ á dúdú, hóró inú rẹ̀ á máa dún wóróworó. Májèlé ni fún ẹni tó bá jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi sẹ́nu.

Èyí tó já, n ó fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá ibi tí oòrùn wà fún un, kí ẹ fi àyè mítà kan sílẹ̀ yí i ká, torí ó máa fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. A ti ń yí bébà ara ìkòkò padà. N kò ní kí ẹ yí ìràwọ̀ yín padà. Bí ẹ bá gbọ́n ilẹ̀ tí ẹ rí àwọn ojú yẹn, ẹ ya fọ́tò wọn sí mi. Bí ẹ ò bá sì rí nǹkan kan, ẹ sọ fún mi, méjì ni n ó fi ránṣẹ́.