Ìdí tí a kò fi ta ajá Caucasian fún yín: èsì wa sí ìràwọ̀ méjì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ kú àkókò tí ẹ fi kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ níbí. Ìràwọ̀ méjì péré lẹ fún wa nínú márùn-ún, ẹ sì sọ ohun tó bí yín nínú láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: pé owó wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá ra ọmọ ajá Caucasian, a wá ń bi yín léèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ a tún ní a kò ní tà á. Ẹ ní èyí tó dùn yín jù ni pé "ekuke tí wọ́n ń fi tọrẹ lábúlé", ìyẹn ajá ìbílẹ̀, la wá ń tọ́ka sí fún yín. Ẹ sì ní ẹlòmíì tó ń ta ajá ti ṣetán láti gbé ọmọ ọlọ́sẹ̀ márùn-ún lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, nígbà tí àwa ní ọmọ ajá kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Bí ẹ ṣe sọ ọ́ náà ló ṣẹlẹ̀. A kò tà á fún yín, bí ẹ bá sì padà wá lọ́la pẹ̀lú ìlọ́po méjì owó náà, a kò ní tà á. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á, nítorí ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń béèrè Caucasian lọ́dọ̀ wa. Ìyá ọlọ́mọ àti bàbá ọlọ́mọ ló ń fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé irú èyí ni àwọn ọmọ àwọn fẹ́.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ ń gbé, pé ọmọ yín àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, pé àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, àti pé ìyá ìyàwó yín tí orúnkún ń dùn ló máa ń wà pẹ̀lú wọn títí ẹ̀yin méjèèjì yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé. Ohun tí a fi ń béèrè nìyẹn. Ta ló máa bọ́ ajá náà lọ́sàn-án? Ta ló máa mú un jáde? Àwọn wo ló ń wọlé, tó ń jáde? Ṣé iná máa ń wà ládùúgbò yín? A ti rí ajá tí wọ́n so mọ́ ìdí jẹnẹrétọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí pé ó ti tóbi ju ohun tí ilé wọn lè gbà lọ. A sì ti rí bí irú ajá bẹ́ẹ̀ ṣe ń ya ẹhànnà, tí àwọn ọmọ tí wọ́n tìtorí wọn rà á kò wá lè sún mọ́ ọn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí Caucasian ti wá. Àwọn òkè Caucasus ni, láàárín Òkun Dúdú àti Òkun Caspian, níbi tí Georgia, Armenia àti Azerbaijan wà. Àwọn darandaran ibẹ̀ ló ń tọ́ ọ láti ìrandíran kó lè máa ṣọ́ àgùntàn lọ́wọ́ ìkookò. Lóru, nínú òtútù, olówó rẹ̀ lè máà sí nítòsí. Ajá náà fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ẹni tó jẹ́ àjèjì àti ohun tó máa fojú rẹ̀ rí. Kì í dúró gba àṣẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ tọ́ ọ nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe gan-an. Ẹ wá gbé e wá sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìbàdàn. Ọmọ aládùúgbò wọlé wá bá ọmọ yín ṣeré, wọ́n ń sáré, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń jà sí bọ́ọ̀lù. Tíṣà lẹ́sìnnì dé. Ẹni tó ń gbé gáàsì wá dé. Àbúrò ìyàwó yín dé láti Ìlọrin láìsọ tẹ́lẹ̀. Àjèjì ni gbogbo wọn lójú ajá yẹn, àwọn ọmọ yín sì ni àgùntàn tó ń ṣọ́. Kò ní dúró kí ìyá ìyàwó yín ṣàlàyé fún un.

Akọ rẹ̀ tó bá dàgbà sábà máa ń ju kìlógíráàmù 50 lọ. Ọmọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ tí ẹ rí lọ́dọ̀ wa, tó rí roboto bíi òwú tí wọ́n ká jọ, kí ọdún kan tó yí po ni kò ní ṣeé fi okùn dá dúró fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Ọdún méjì sí mẹ́ta ló sì máa ń gbà kó tó gbọ́n tán. Títí dìgbà náà, ìwà ọmọ ajá ló ń hù pẹ̀lú agbára àgbà. Ẹ fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń di àga mú kọ́ ìrìn.

Ẹ má gbàgbé ooru. Ìpele méjì ni irun Caucasian, ti abẹ́ ki gan-an. Ajá kì í làágùn lára bíi tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n níta ló fi ń tu ara rẹ̀. Ní oṣù Kẹta, nígbà tí àwa tí wọ́n bí sí Ìbàdàn pàápàá ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ wà, kí ni ajá yẹn fẹ́ ṣe nínú fúláàtì tí wọ́n ti mú iná lọ? Bẹ́ẹ̀ náà ni Husky àti Samoyed tí àwọn òbí ń béèrè nítorí ẹwà wọn. Siberia ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀ wá. Àwọn tó ń tọ́ wọn dáadáa níbí wà. Wọ́n ní ọgbà, wọ́n ní ìbòòji àti ilẹ̀ tútù, wọ́n ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìtọ́jú ajá lọ. Irú wọn la ń ta Caucasian fún.

Ẹ ní nítorí olè ni. Ọ̀rọ̀ olè kì í ṣe ohun tí a ń fojú kékeré wò, mi ò sì ní sọ pé ẹ̀rù tó ń bà yín kò tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò nílò ajá tó máa fa ènìyàn ya. Ajá tó máa gbó kí ẹsẹ̀ olè tó kan àtẹ̀gùn kẹta ló nílò, kí àwọn ará ilé lè jí, kí olè náà sì mọ̀ pé wọ́n ti jí. Gbígbó yẹn ni olè ń sá fún. Ní Tibet, ajá kékeré Lhasa Apso ló ń ṣe iṣẹ́ náà nínú ilé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà: òun ló ń gbọ́ àjèjì ṣáájú, tó sì ń ké sí àwọn ajá ńlá tó wà níta.

Àwọn kan máa bi mí pé kí ló dé tí a kò fún yín ní Lhasa nígbà náà, a ṣáà ń tà á. Nítorí àbíkẹ́yìn yín ni. Ọmọ tó ń kọ́ ìrìn máa ń ṣubú lu nǹkan, ó máa ń fa irun, ó máa ń ki ọwọ́ bọ ojú. Ajá kékeré tí ọmọ bá ṣubú lù lè fara pa, bí ìrora bá sì mú un, ó lè gé ọmọ jẹ. Irun Lhasa tún ń fẹ́ yíyà lójoojúmọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á lọ́ pọ̀ mọ́ ara, eégbọn á sì fi ṣelé. Nígbà tí ọmọ náà bá tó bí ọdún mẹ́fà, tó sì gbọ́ràn, ẹ padà wá.

Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ Boerboel àti Rottweiler gùn. Oko ńláńlá ni wọ́n ti ń lo Boerboel ní Gúúsù Áfíríkà, Rottweiler sì ń da màlúù ní Jámánì. Ilé tó ní ilẹ̀, tí olówó rẹ̀ sì ti tọ́ ajá rí, ló yẹ wọ́n. Alsatian, tí àwọn mìíràn ń pè ní German Shepherd, sàn ju àwọn yẹn lọ fún ìdílé. Láti 1899 tí Max von Stephanitz ti bẹ̀rẹ̀ sí tọ́ ọ ní Jámánì ni wọ́n ti ń wá ajá tó ní làákàyè, tó sì ń gbọ́ àṣẹ. Àmọ́ ajá iṣẹ́ ni. Bí kò bá ríṣẹ́ ṣe, tí kò sì jáde rìn dáadáa lójúmọ́, á máa jẹ bàtà, á máa jẹ àga, á sì máa gbó ògiri. Ẹ bá mi wo ilé yín lọ́sàn-án: ta ló máa fún un níṣẹ́ ṣe?

Labrador ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dárúkọ fún ìdílé, wọn kò sì purọ́. Àwọn apẹja Newfoundland ní Kánádà ló ń lo àwọn baba ńlá rẹ̀ láti bá wọn gbé ẹja àti àwọ̀n, ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ fi rọ̀, tó sì fẹ́ràn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òun ló ṣáájú nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ajá fún ọdún 31, kí French Bulldog tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2022. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí òkìkí yìí ra French Bulldog o. Imú rẹ̀ tó pẹlẹbẹ yẹn kì í jẹ́ kó mí dáadáa, ooru wa sì lè pa á. Ní ti Labrador, bí ìyá ìyàwó yín kò bá sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò bá ti sọ pé kí ẹ mú un. Ọdún méjì àkọ́kọ́ rẹ̀, fífò ni, jíju ìrù ni, olówó rẹ̀ ló sì máa ń fò mọ́ nítorí ìfẹ́. Ìfẹ́ yẹn lè gbé ìyá àgbà lulẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ekuke. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti dùn mí jù nìyí, nítorí ajá náà ni. Ajá ìbílẹ̀ tí ẹ fojú tín-ín-rín yìí ni àwọn baba ńlá wa fi ṣọdẹ. Àwọn ajá mẹ́ta tó gba ọdẹ sílẹ̀ nínú àlọ́ tí wọ́n pa fún wa ní kékeré, irú rẹ̀ ni wọ́n. Irun rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ fúyẹ́, etí rẹ̀ dúró, ooru ilẹ̀ yìí sì ni ooru tó bá láyé. Kì í jẹun púpọ̀. Lóru, kò sí ìró ẹsẹ̀ tó ń fo etí rẹ̀ dá. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó irú ajá kan tó jọ ọ́ láti Kóńgò lọ sí ìlú wọn, wọ́n ń pè é ní Basenji, owó gọbọi sì ni wọ́n ń rà á títí dòní. Kò sóhun tó yẹ kó máa tì wá lójú láti fi ajá ilẹ̀ wa ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé wa.

Òótọ́ ni pé wọ́n ń fi í tọrẹ lábúlé. Èyí tí wọ́n fi tọrẹ yẹn, ta ló gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára? Ta ló fún un ní oògùn aràn? Orí nǹkan wọ̀nyí ni owó tí a ń gbà ń lọ, àti orí àwọn ọ̀sẹ̀ tí a fi ń tọ́ ọ. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni àwọn ọmọ ilé wa ti ń gbé àwọn ọmọ ajá náà, tí wọ́n ń gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀, ọ̀kadà, ẹ̀rọ ata àti ìpè àdúrà. Láti ìgbà náà títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìlá sí mẹ́rìnlá ni ọmọ ajá ń mọ ohun tí kò yẹ kó máa bẹ̀rù. Èyí tí kò bá rí ọmọdé lásìkò yẹn lè máa bẹ̀rù ọmọdé títí ayé rẹ̀, ajá tó bá sì ń bẹ̀rù ló ń gé ènìyàn jẹ.

Ìdí rẹ̀ tún nìyí tí a kì í fi gbé ọmọ ọlọ́sẹ̀ márùn-ún fún ẹnikẹ́ni. Nínú eré tí òun àti àwọn tí wọ́n jọ bí ń ṣe ló ti ń kọ́ bí eyín ṣe ń dunni. Bó bá gé èkejì rẹ̀ jẹ jù, ìyẹn á ké, eré á parí. Ẹ mú un kúrò níbẹ̀ láìpé ọjọ́, ọwọ́ ọmọ yín ló máa fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ààbò àrùn tó ń rí nínú wàrà ìyá rẹ̀ náà kì í pẹ́ lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àrùn parvo, tó ń mú kí ọmọ ajá máa bì, kó sì máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta ọmọ ọlọ́sẹ̀ márùn-ún fún yín, ẹ bi í bóyá ó ti gún un lábẹ́rẹ́ kankan.

Ẹ sì tún bi í nípa dìgbòlugi. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ajá ló ń kó àrùn yìí ran ènìyàn nínú ìdá 99 nínú 100, ìdá 40 nínú 100 àwọn tí ẹranko tí wọ́n fura sí gé jẹ ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Bí ààmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìgbà tí ajá bá pé oṣù mẹ́ta ló ti yẹ kó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa tún un gún lásìkò tí dókítà ẹranko bá dá. Bí ajá bá gé ọmọ jẹ, kódà bó jẹ́ ajá tí ẹ mọ̀, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi ata tàbí epo sí i.

Ohun tí a tọ́ka sí fún yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ kò dúró gbọ́ ọ tán. Ọmọ ajá kọ́ ni. Abo ọlọ́dún méjì ni, ìyá rẹ̀ jẹ́ ajá ìbílẹ̀, Alsatian ni bàbá rẹ̀. Ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó mọ ibi tó yẹ kó ti máa tọ̀, bí ọmọ kékeré bá sì dì mọ́ ọn lọ́rùn, ṣe ló máa ń jókòó. Pẹ̀lú ilé tí ẹ ṣàpèjúwe, àgbà ajá tí a ti mọ ìwà rẹ̀ dára ju ọmọ ajá tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tó máa dà. Ṣùgbọ́n òun náà, ẹ kò gbọdọ̀ fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún dá nìkan wà pẹ̀lú rẹ̀, kí ọmọ má sì sún mọ́ ọn nígbà tó bá ń jẹun. Gbogbo ajá ni mo ń sọ èyí nípa wọn.

A ṣì ń fi abo náà pa mọ́ fún yín títí di ìparí oṣù yìí, a kò gba owó àsansílẹ̀ kankan. Ẹ mú ìyá ìyàwó yín àti àwọn ọmọ méjèèjì wá, kí wọ́n jókòó tì í fún bíi wákàtí kan, kí a jọ wò ó. Ọjọ́ Sátidé ni dókítà ẹranko wa máa ń wà níbí láàárọ̀. Bí ẹ bá wá lásìkò yẹn, ẹ lè bi òun náà léèrè gbogbo ohun tí mo kọ síbí yìí.